AJÁ TÍ Ń GBỌ́ OHÙN Ọ̀GÁ RẸ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa

  

Ní ìpàdé tí ó kọjá, nígbà tí Akọ̀wé ka ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lóṣù yìí, ẹ̀rín ni gbogbo ilé fi pa. Ẹnìkan bi wá pé, "Ṣé ajá ni ẹ fẹ́ wá bá wa sọ, nígbà tí òrùlé gbọ̀ngàn wa ń jò?" A kò bínú rárá. Ajá ni a fẹ́ sọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òrùlé náà wà nínú rẹ̀, a ó sì dé ibẹ̀ kí a tó jókòó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní sùúrù díẹ̀.

ÀWỌN TÍ Ń KÓ OHUN AJÁ JỌ

Gbogbo wa tí a ti pẹ́ ní ìhà Òkè Ọya yìí mọ̀ pé màlúù kì í ṣe màlúù lásán lójú darandaran. Ó mọ Búnàjì yàtọ̀ sí Ràhájì, ó sì mọ Gùdálì yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ajá rí lójú àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Oríṣìíríṣìí ni wọ́n, olúkúlùkù ní orúkọ tirẹ̀ àti iṣẹ́ tí a ń lò ó fún. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn irú kan nínú wọn kì í fi mọ sí pé kí ó sin ín nìkan. Yóò máa wá ohun àtijọ́ tí àwòrán irú ajá bẹ́ẹ̀ wà lára rẹ̀: ère, àwo ìjẹun, káàdì, agolo, àti àwòrán tí a fi ọ̀dà yà. Yóò kó wọn jọ, yóò to wọn sí ibi kan, yóò sì kọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀.

Àwọn kan fẹ́ràn spaniel, ajá onírun gígùn, elétí fífẹ̀. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn amọ̀kòkò ẹkùn Staffordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa fi amọ̀ mọ irú ajá yìí ní méjì méjì. Ọ̀kan a kọjú sí ọ̀tún, èkejì a kọjú sí òsì, kí onílé lè gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pẹpẹ orí ibi ìdáná ní yàrá rẹ̀. Ilé tálákà àti ilé olówó ni a ti ń rí wọn nígbà náà. Lónìí, ẹni tí ó bá ní méjì tí wọ́n jọ wá láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn.

Àwọn mìíràn fẹ́ràn ajá dúdú kékeré ti ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, tí wọ́n ń pè ní Scottie. Ààrẹ Roosevelt ti Amẹ́ríkà ní ọ̀kan tí ń jẹ́ Fala. Gbogbo ayé ni ó mọ ajá náà nígbà ogun Hitler, ère rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère ọ̀gá rẹ̀ ní Washington láti ọdún 1997. Wọ́n tilẹ̀ dá ilé ìkóhun-àtijọ́-sí kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ajá nìkan ní New York ní ọdún 1982. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ìlú St. Louis, ó sì padà sí New York ní 2019.

Ẹ lè sọ pé ẹni tí kò níṣẹ́ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, kí ojú wa tó là.

ÌTÀN NIPPER

Nínú gbogbo ajá wọ̀nyí, ọ̀kan wà tí ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níhìn-ín mọ̀ dáadáa, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ajá funfun tí etí rẹ̀ dúdú ni. Ó jókòó, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń gbọ́ ohùn tí ń ti inú ìwo giramafóònù jáde. Àwòrán rẹ̀ wà láàárín àwo orin tí àwọn bàbá wa ń rà, ó sì wà nínú ọmọrí àpótí giramafóònù wọn. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé "His Master's Voice", èyíinì ni "Ohùn Ọ̀gá Rẹ̀".

Nipper ni orúkọ ajá náà. Irú ajá tí a ń pè ní terrier ni. Ajá ilẹ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ yìí, nítorí pé iṣẹ́ wọn ni láti wọ inú ihò tọ ẹran lọ, kí wọ́n lé e síta fún ọdẹ. Alùfáà ìjọ Áńgílíkà kan wà ní ẹkùn Devon, John Russell ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní 1795, ó sì kú ní 1883. Ọdẹ ni alùfáà yìí kí ó tó di pé ó jẹ́ ohunkóhun. Wọ́n ní ní ọdún 1819, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Oxford, ó rí abo ajá kan tí ń jẹ́ Trump lọ́wọ́ ẹni tí ń ta wàrà, ó sì rà á lójú ẹsẹ̀. Láti ara ajá yìí ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin irú terrier tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, Jack Russell. Àwọn tí ó mọ ajá sọ pé ó jọ pé irú èyí ni Nipper, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ajá mìíràn lè wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin tí ilé yín jẹ́ ilé ọdẹ, ẹ mọ̀ pé ajá tí ó gbọ́n kì í sábà tóbi.

Ní Bristol ni a bí Nipper ní ọdún 1884. Ìdí tí a fi sọ ọ́ ní orúkọ yìí ni pé a máa gé àlejò jẹ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀, Mark Barraud, jẹ́ ẹni tí ń ya àwòrán sí ara aṣọ ìtàgé. Nígbà tí Mark kú ní 1887, tí kò sì fi owó sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ Francis, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, mú ajá náà lọ sí Liverpool. Ibẹ̀ ni Francis ti ṣàkíyèsí pé bí òun bá ti ń lo ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀, ajá yìí yóò wá jókòó síwájú rẹ̀, yóò tẹ etí, ojú rẹ̀ yóò sì dàbí ti ẹni tí ń wá ibi tí ohùn náà ti ń jáde. Nipper kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1895, wọ́n sì sin ín sí Kingston ní ẹ̀bá odò Thames.

Lẹ́yìn tí ajá ti kú ni Francis ya àwòrán rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1899 ni ó lọ fi orúkọ àwòrán náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ̀rọ tí ó kọ́kọ́ yà sínú rẹ̀ kì í ṣe giramafóònù alàwo. Ẹ̀rọ Edison ni, èyí tí ń lo ìda tí ó rí róbótó bí agolo. Ó gbé e lọ bá àwọn tí ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wọn kò gbà á. Ìtàn sọ pé wọ́n dá a lóhùn pé ajá kì í gbọ́ ẹ̀rọ. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún náà, ó lọ sí ọ́fíìsì Gramophone Company ní Lọ́ńdọ̀nù láti yá ìwo idẹ kan, nítorí pé ìwo dúdú tí ó yà kò wuyì tó. Ọ̀gá ibẹ̀, William Barry Owen, wo àwòrán náà, ó ní bí Francis bá lè pa ẹ̀rọ Edison rẹ́, kí ó ya ẹ̀rọ tiwọn sí i, àwọn yóò rà á. Francis ṣe bẹ́ẹ̀. Àádọ́ta pọ́ùn ni wọ́n san fún àwòrán, wọ́n sì san àádọ́ta mìíràn fún ẹ̀tọ́ lílò rẹ̀, ó jẹ́ £100 lápapọ̀. Bí ẹ bá wo àwòrán àkọ́kọ́ náà dáadáa títí dòní, ẹ óò rí òjìji ẹ̀rọ àtijọ́ lábẹ́ ọ̀dà tuntun.

Láti ọdún 1909 ni ajá yìí ti wà lójú àwo ilé iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Francis fúnra rẹ̀ tún àwòrán náà yà ní ìgbà 24 kí ó tó kú ní 1924. Ibi tí wọ́n sin Nipper sí ti di ilé báńkì báyìí, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ògiri ibẹ̀. Ní ọdún 2010, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà kékeré kan nítòsí ibẹ̀.

Ìtàn kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ, pé orí pósí ọ̀gá rẹ̀ ni ajá náà jókòó sí nínú àwòrán, tí ó ń gbọ́ ohùn òkú. Ìtàn náà dùn, ó sì ń mú omi bọ́ lójú, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí kankan fún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó ohun àtijọ́ jọ gbọ́dọ̀ fẹ́ràn òtítọ́ ju ìtàn dídùn lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí i.

OHUN TÍ WỌ́N Ń KÓ JỌ

Kí ni àwọn olùfẹ́ Nipper ń kó jọ? Wọ́n pọ̀. Agolo kékeré tí a ń ta abẹ́rẹ́ giramafóònù sí wà níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ a máa yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ti jẹ́ ti ohùn líle tàbí ohùn jẹ́jẹ́. Ohun ìnu-àwo olójú róbótó wà, tí àrán wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí àwòrán ajá sì wà lókè. Ère Nipper wà, èyí tí a fi bébà rírẹ àti lẹ́ẹ̀ ṣe, tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà máa ń gbé sí ojú fèrèsé. Àwọn kan nínú wọn ga ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. A tilẹ̀ rí èyí tí a fi tánńganran ṣe fún iyọ̀ àti ata lórí tábìlì: ajá ni ọ̀kan, giramafóònù ni èkejì.

Èyí tí ó tóbi jù wà ní ìlú Albany ní ìpínlẹ̀ New York. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 28, orí òrùlé ilé kan ni wọ́n gbé e sí ní àwọn ọdún 1950, wọ́n sì fi iná sí orí rẹ̀ kí ọkọ̀ òfuurufú má bàa kọlù ú. Òmíràn wà ní Baltimore. Nígbà tí àwọn onílé kò fẹ́ èyíinì mọ́, ọkùnrin kan tí ń kó ohun Nipper jọ ní ìpínlẹ̀ Virginia rà á ní dọ́là kan péré ní ọdún 1976, ó sì gbé e sí àgbàlá rẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí tí ó kù: nígbà tí ó yá, àwọn ará Baltimore bẹ̀rẹ̀ sí í wá ajá wọn. Ó padà sílé níkẹyìn, ó sì di ohun ìṣúra ìlú. Ohun tí wọ́n tà ní dọ́là kan ni wọ́n tún ń fi ayọ̀ gbà padà. Ẹ̀yin ará, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbàgbé dọ́là kan náà.

BÍ AJÁ NÁÀ TI DÉ Ọ̀DỌ̀ WA

Kí ọdún 1912 tó parí, ọ̀nà rélùwéè ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò. Ọkọ̀ ojú irin yìí ni ó kó àwọn bàbá wa wá, pẹ̀lú ẹrù aṣọ, obì, àti àpótí irin. Nígbà tí ọwọ́ wọn tẹ owó díẹ̀, giramafóònù a máa wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń rà. Ilé jìnnà, lẹ́tà a máa pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n àwo orin lè mú ohùn ilé wọ inú yàrá ní Sábọ̀n Gàrí.

Ohùn wa sì wà nínú àwo wọ̀nyí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní àwọn ọdún 1920 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta kọ orin ìyìn ní èdè Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún Zonophone, tí ó wà lábẹ́ Gramophone Company kan náà. Ní 1937, Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin jùjú sínú àwo alájá. Yàtọ̀ sí àwọn tí orúkọ wọn kò parẹ́, àwọn onísákárà, àwọn onígángan, àti àwọn olórin ìlú kéékèèké wà tí wọ́n kọ àwo kan tàbí méjì péré, tí a kò sì gbọ́ wọn mọ́.

Bàbá wa ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí ìlú yìí. Ní ọdún 1954, lẹ́yìn tí ọjà ẹ̀pà dára, ó ra giramafóònù onípòòtì ti alájá, irú èyí tí a ń pè ní 102, tí a ń fi ọwọ́ yí. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, àwọn ará Ọ̀fà, ará Ìlọrin, ará Ìjẹ̀bú, gbogbo wọn a péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Àwa ọmọdé gbà pé ènìyàn wà nínú àpótí náà. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin a tilẹ̀ máa bu ẹ̀kọ díẹ̀ sí iwájú ajá inú ọmọrí, kí ebi má bàa pa á. Bàbá kò nà án rí nítorí èyí, ẹ̀rín ni ó máa ń rín.

Bàbá kú ní ọdún 1998. Nígbà tí a ń tún yàrá rẹ̀ ṣe, àwa ọmọ pe bàbáńbólà tí ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá, a sì kó giramafóònù náà àti páálí àwo méjì fún un. Owó tí a gbà kò tó ra àpò àgbàdo kan. Ilé ni a ń tún ṣe, a rò pé ìdọ̀tí ni a kó dànù.

Ìyá wa kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ó dé, ó wo igun yàrá, ó sì béèrè nǹkan kan ṣoṣo: "Àwo Làmídì ńkọ́?" Làmídì ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, onílù ni, ó ti kú láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé. A kò mọ̀ pé òun ni ó lu gángan nínú ọ̀kan nínú àwọn àwo náà. A kò mọ̀ pé nígbàkígbà tí ìyá wa bá ní kí bàbá gbé àwo kan báyìí sí i, àbúrò rẹ̀ ni ó ń gbọ́. Kò sunkún, kò sì bá wa jà. Ó kàn wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, a lọ sí gbogbo ibi tí àwọn bàbáńbólà ń kó ẹrù sí. Ní ọjọ́ kẹta, a rí ọmọrí àpótí náà. Wọ́n ti tú irin inú rẹ̀ lọ. Ní ti àwo, ọmọdé ti fọ́ púpọ̀ nínú wọn ṣeré, a kò sì rí ìyókù. Ọmọrí náà nìkan ni a gbé dé ilé, pẹ̀lú ajá nínú rẹ̀ tí ó tẹ etí sílẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Ọjọ́ náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun ajá jọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, a kò bínú sí yín, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo agolo abẹ́rẹ́, gbogbo àwo, gbogbo àpótí alájá tí a bá rí ni a ń rà, nítorí a rò pé ibi tí ajá náà bá wà, bóyá àwo Làmídì wà nítòsí ibẹ̀. Ìyá wa ti lọ bá àwọn baba rẹ̀. A kò tíì rí àwo náà, a ṣì ń wá a.

ẸNI TÍ KÒ MỌ̀ YÓÒ RA AYÉDÈRÚ

A fẹ́ kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó má bàa ṣe àṣìṣe tiwa. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, oníṣòwò kan ní ìlú ńlá kan fi giramafóònù oníwo idẹ hàn wá, tí ń dán bí wúrà, tí àmì ajá sì wà níwájú rẹ̀. Ó ní ti ayé ọba Jọ́ọ̀jì ni. A san owó ńlá. Nígbà tí a gbé e dé ilé, tí ọ̀rẹ́ wa kan tí ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ tú u, a rí i pé pákó rẹ̀ tuntun ni, irin inú rẹ̀ ti inú àpótí onípòòtì mìíràn wá, ìwo náà kò sì bá ọrùn rẹ̀ mu, ó ń mì. Irú èyí pọ̀ tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ Íńdíà fún títà fún àwọn tí ojú ń kán. Nítorí náà, ẹ wo ohun mẹ́ta: ṣé ibi tí ọwọ́ máa ń kàn ti gbó ju ibi tí ọwọ́ kì í dé lọ? Ṣé àmì ajá náà ti ṣá bí ara àpótí ti ṣá? Ṣé ìdè àti ihò rẹ̀ bá ara wọn mu? Bí ohun gbogbo bá ń dán bákan náà, ẹ di àpò yín mú.

Ní ti ìtọ́jú àwo, ẹ gbọ́ dáadáa. Àwo àtijọ́ tí ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan kì í ṣe ike. Oje tí kòkòrò kan ń ṣe sí ara ẹ̀ka igi ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n fi pò ó, nítorí náà bí ó bá jábọ́, fífọ́ ni yóò fọ́ bí àwo tánńganran. Ẹ má ṣe tò ó ní ìdùbúlẹ̀ gègèrè, ẹ jẹ́ kí ó dúró lórí etí rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e sí abẹ́ páànù gbígbóná tàbí sí ojú oòrùn, yóò wọ́. Aṣọ rírọ̀ gbígbẹ ni kí ẹ fi nu eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ẹ má ṣe fi sípíríìtì tàbí lọ́fínńdà nù ún láé, nítorí yóò yọ́ ojú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ irin kan, ojú àwo kan. Ẹni tí ó bá fi abẹ́rẹ́ kan gbọ́ àwo mẹ́wàá ń fi ọ̀bẹ ha ohùn bàbá rẹ̀ ni.

Ọ̀RỌ̀ ÒRÙLÉ

A ti dé ibi tí a ń lọ. Gbogbo wa mọ̀ pé yàrá ìkẹ́rùsí wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí. Giramafóònù ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, ìwé ìpàdé àtijọ́ wà níbẹ̀, àwòrán àwọn olùdásílẹ̀ wà níbẹ̀, páálí mẹ́ta sì wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú wò. Ní ìpàdé tí ó kọjá, àbá kan wáyé pé kí a pe bàbáńbólà, kí ó kó gbogbo rẹ̀, kí a fi owó náà kún owó páànù. A ti sún ìdìbò rẹ̀ sí òní.

A kò sọ pé àwọn tí ó mú àbá náà wá jẹ́ aláìmọ̀kan. Òrùlé ń jò lóòótọ́, ẹgbẹ́ kò sì lówó lọ́wọ́. Àwa gan-an ti ta ti bàbá wa, nítorí náà a kò lẹ́nu láti bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ń sọ ni pé a mọ iye tí bàbáńbólà ń san, a sì mọ ohun tí a fi san án padà.

Alàájì kan tí a bọ̀wọ̀ fún púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí sọ fún wa pé òun kò fẹ́ ọ̀rọ̀ ajá nítòsí ibi tí òun ti ń kírun. Òótọ́ ni bàbá sọ, a kò sì ní gbé àwòrán ajá sí ibi ìkírun ẹnikẹ́ni. Inú àpótí ni yóò wà. Àgbà mìíràn béèrè pé kí ló kàn wá pẹ̀lú ajá òyìnbó. Kò kàn wá, bàbá. Ti òyìnbó ni ajá. Ohùn tí ó ń gbọ́ nínú àwo tí ó wà ní ìkẹ́rùsí yìí, tiwa ni. Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí, tí Haúsá wọn dán ju Yorùbá wọn lọ, níbo ni wọn yóò ti gbọ́ bí àwọn bàbá ńlá wọn ti ń sọ̀rọ̀, bí kò bá ṣe nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, àbá mẹ́rin ni a mú wá:

Èkíní, kí a dá títà dúró fún oṣù mẹ́ta. Kí a yan ènìyàn márùn-ún, kí méjì nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́, kí wọ́n tú páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ sí ìwé kan.

Èkejì, kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní fóònù tí ó dára gba ohùn inú àwo tí ó ṣì dùn sílẹ̀, kí wọ́n fún ilé kọ̀ọ̀kan tí ó bá fẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, orí àjà, àti àpótí ìyá yín. Bí ẹ bá rí àwo, àwòrán tàbí ẹ̀rọ àtijọ́, ẹ má ṣe tà á. Ẹ kọ ọ́ sí bébà: ta ni ó ni ín, ọdún wo ni ó rà á, ta ni ó wà nínú rẹ̀. Òtítọ́ nìkan ni kí ẹ kọ. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà.

Ẹ̀kẹrin, ní ti òrùlé, àwa tí ń sọ̀rọ̀ yìí yóò san owó páànù márùn-ún lónìí, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ajá ni ó jẹ́ kí òjò pa ẹgbẹ́. Bí àwọn márùn-ún náà bá sì rí ohun tí ó jẹ́ méjì tàbí tí ó ti bàjẹ́ pátápátá, kí a tà á fún ẹni tí ó mọ iye rẹ̀, kí owó rẹ̀ wọ inú àpótí òrùlé.

Ẹ̀yin ará, àwọn bàbá wa sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àwa tí a wá sí ọ̀nà jíjìn yìí, a kò tíì sọnù, nítorí a ṣì ń gbọ́ fèrè. Ṣùgbọ́n fèrè náà wà nínú páálí mẹ́ta ní ẹ̀yìn ògiri yìí, bàbáńbólà sì ń bọ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá tú páálí náà, tí ẹ sì rí àwo kan tí ẹnìkan tí ń jẹ́ Làmídì ti ń lu gángan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ránṣẹ́ pè wá, ì báà jẹ́ òru.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí, kí ó sọ ilé àti oko wa, kí ó má ṣe jẹ́ kí ohùn wa parẹ́ ní ilẹ̀ tí a ń gbé.